Kóòtù Tó Ń Sanra

Kóòtù kan wà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ń lọ sígbó ọdẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán an. Aṣọ rẹ̀ nípọn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ. Èjìká òsì rẹ̀ rí bí èjìká kóòtù gbogbo, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ga sókè bí ẹni pé wọ́n fi búrẹ́dì kan pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ti ọ̀tún yìí ń sanra sí i. Gbogbo wa la rí i. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí pé télọ̀ ni, ta ló sì fẹ́ sọ fún télọ̀ pé aṣọ ọrùn rẹ̀ wọ́?

Abẹ́rẹ́ ni àdúgbò ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ kì í lo awò ojú. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á fi ètè kan òwú lẹ́ẹ̀kan, òwú náà á sì wọ ojú abẹ́rẹ́ láìtún un ṣe. Àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò ó. Èmi ò lè pè é ní Abẹ́rẹ́. Òun ló tọ́ ìyá mi dàgbà, Bàbá ni mo ń pè é.

Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, Bàbá ní èkejì ń sinmi. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń sinmi. Jígí gígùn kan dúró ti ògiri, igun rẹ̀ kan ti fọ́, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí oníbàárà yóò dúró sí. Ìyàwó rẹ̀, Tíṣà, fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, tí á máa rán bọ́tìnnì, tí á sì máa yẹ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wò bí ẹni máàkì ìwé. Tí ìlà kan bá ṣẹ́rí, á kàn fi ìka kàn án, á sì máa wo ojú fèrèsé. Bàbá á tú u.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: ọjọ́ tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, a kì í gé aṣọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni alápatà tó wà ní òdìkejì títì, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ló kọ́kọ́ pe Bàbá ní Abẹ́rẹ́, Bàbá sì sọ ọ́ ní Ọ̀bẹ láti fi san án padà. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń lọ sígbó ní Sátidé. Ìbọn tí Bàbá ń lò, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún un: ìbọn gígùn, tó wúwo, tí ọta rẹ̀ tóbi bí ìka. Ẹranko tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é kò sí nínú igbó wa rí. Bí ó bá dún, á ta èjìká nípàá bí ẹṣin. Ọ̀bẹ ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ní ìbọn tí kò bá mi ẹni tó yìn ín, kò lè mi ẹran.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí Bàbá gba ìbọn náà, èjìká rẹ̀ wú, ó sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tú aṣọ inú kóòtù rẹ̀ níbi èjìká, ó ká aṣọ kan síbẹ̀, ó sì rán an pa. Nígbà tó ṣe, ìyẹn kò tó mọ́, ó fi òmíràn kún un. Bí télọ̀ ṣe ń wo ìrora sàn nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò ọdẹ ọdún yìí, Ọ̀bẹ ló sọ ọ́ fún mi, Bàbá kò sọ ọ́. Àgbọ̀nrín kan ni wọ́n rí. Ó dúró gbàgede, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí wọn, kò jìnnà ju ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lọ. Bàbá yìnbọn. Ẹran náà ṣubú, ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sá wọ inú igbó. Wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tún padà lọ. Etí odò ni ẹ̀jẹ̀ náà parí sí. Ọ̀bẹ ní Bàbá dúró síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi rò pé ó ń gbàdúrà, òun sì ṣí fìlà.

Nígbà tó délé, ó fi ìbọn kọ́ sórí ìṣó, ó sì sọ fún Tíṣà pé òun kò ní kọ ìbọn sí ohun abẹ̀mí mọ́, àfi bí òun bá lè yin ọta márùn-ún ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ wọ inú ìdí ife tíì kan. Bí àsìkò ọdẹ bá parí kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òun yóò dá ìwé àṣẹ ìbọn padà, ó parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù.

Ṣùgbọ́n igbó nìkan kọ́ ló ń dùn ún. Tíṣà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí oníbàárà kankan tó dé, Bàbá ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó yọ ọ́, ó tún ki í bọ̀ ọ́. Tíṣà kà á dé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Kò tàsé lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ kò sinmi. Ojú ara rẹ̀ ló ń fura sí. Bí ojú bá sì lọ, kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń lọ.

Tíṣà pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n wá fi mọ́tò gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìbọn, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ìbọn ni tàbí ènìyàn.

"Sátidé mẹ́ta ló ti jókòó tì mí," ó ní. "Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì."

Ọ̀bẹ ní òun kò lè jẹ́ kí wọ́n lọ rẹ́ ọ̀rẹ́ òun jẹ, ló bá wọlé sí ẹ̀yìn mọ́tò. Ó gba ìjókòó méjì. Láti ìgbà tí a ti gbéra ló ti ń sọ̀rọ̀ ìbọn tó lágbára. Bàbá fi ìbọn àtijọ́ náà sáàárín ẹsẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ń wo títì.

Ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ yàrá tóóró kan tó ń rùn fún òróró. Wọ́n to ìbọn sí ògiri, wọ́n fi ṣéènì kan ṣoṣo la gbogbo wọn já. Obìnrin tó ń tún ìbọn ṣe níbẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún dáadáa. Ó kúrú, ó fi pẹ́ńsùlù há irun, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún irin. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló jogún. Ọ̀bẹ ti ń ṣàlàyé fún un kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó dá a lóhùn pé ó ṣeun, ó sì kọjú sí Bàbá. Ó bi í pé láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹran wo gan-an ló ti pa?

Bàbá rò ó. Ehoro ló pọ̀ jù. Àgbọ̀nrín bíi méjì lọ́dún. Nígbà mìíràn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó bá ń da àwọn olóko adìẹ láàmú.

Obìnrin náà gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìmọ́lẹ̀ wo inú rẹ̀, ó ní ìbọn rere ni, wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. "Ṣùgbọ́n ẹran tó tó màlúù méjì ni wọ́n ṣe é fún, Bàbá. Tí ẹ bá fi yin ehoro, kí ló máa ń kù?"

"Etí," Ọ̀bẹ ní.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń dán ìbọn wò, pápá gígùn kan tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà ní ìparí rẹ̀. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àti àpò iyanrìn tí wọ́n ń gbé ìbọn lé. Bàbá jókòó, ó fi ìbọn ti èjìká kóòtù, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí páálí kan. Èkíní wọ ìsàlẹ̀ páálí. Èkejì kò kàn án rárá. Ẹ̀kẹta tún wọ ìsàlẹ̀, ó sì yà sí ọ̀tún.

Bàbá gbé ìbọn lélẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ojú mi ni," ó ní.

Obìnrin náà wo kóòtù tó wà lára rẹ̀. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó bọ́ kóòtù. Bàbá bi í pé kí ló dé. Ó ní òun kàn fẹ́ wo nǹkan kan ni. Bàbá bọ́ ọ, bí ẹni tí wọ́n ní kó tú aṣọ lójú ọjà. Obìnrin náà gbé kóòtù náà wò bí ẹni gbé ẹran lé òṣùwọ̀n, ó fi àtàǹpàkò tẹ èjìká rẹ̀.

"Ìpele mélòó ló wà níbí?"

"Méje."

"Ta ló rán an fún yín?"

Bàbá wo Ọ̀bẹ, ó wo èmi náà. "Èmi ni."

Obìnrin náà na ọwọ́ sí téèpù tó wà lọ́rùn Bàbá. Kò sí ibi tí Bàbá ń lọ tí téèpù náà kì í bá a lọ. Ó ní kí ó ká apá, ó wọ̀n ọ́n láti ìgúnpá dé oríkèé ìka àkọ́kọ́. Ó wọn ìdí ìbọn. Lẹ́yìn náà ni ó wọn èjìká kóòtù. Ó ní ìbọn náà bá apá rẹ̀ mu, bí ẹni pé wọ́n gé e fún un, ṣùgbọ́n tìmùtìmù inú kóòtù ti ti ìbọn síwájú ní íńṣì kan àbọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń na ọrùn kó tó rí ibi tó ń wò. Ẹni tó bá sì ń na ọrùn wo nǹkan, kì í wò ó síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rí ojú Bàbá. Bí oníbàárà bá wọ súwẹ́tà wá fún wíwọ̀n, òun ni yóò ní kó lọ bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó padà wá. Ó ti lé oníbàárà padà sílé nítorí súwẹ́tà tínrín. Ó mú téèpù lọ́wọ́ obìnrin náà, ó tún èjìká kóòtù wọ̀n fúnra rẹ̀. Íńṣì kan àbọ̀ ni.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ó ní.

Ọ̀bẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú òwe.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò tíì parí. Ó ní kí Bàbá jókòó láìsí kóòtù, kí ó máa wo iwájú, òun ni yóò máa ki ọta sínú ìbọn fún un. Àkọ́kọ́ dún, a rí i tí èjìká rẹ̀ fò sẹ́yìn. Obìnrin náà tún ki òmíràn. Bàbá fi ìdí ìbọn ti èjìká, ó mí, ó fà á.

Kò dún. Irin lásán ló ró: tá. Ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ti já wálẹ̀ bí adìẹ tó fẹ́ ṣa ọkà, ojú Bàbá ti dì pinpin, gbogbo ara rẹ̀ ti súnkì de ohun tí kò wá. Ọta òfìfo ni obìnrin náà fi sí i.

Ọ̀bẹ, tí kì í pa ẹnu mọ́ níbi kankan, ń wo bàtà rẹ̀.

"Ó ṣófo," Bàbá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ṣófo, mo sì ta gìrì."

"Kó tó dún lẹ ti ń ta gìrì, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta yín nípàá, ara yín ti mọ ìgbà tó ń bọ̀, ó ń sá fún un. Kò sí ohun tó ṣe ojú yín. Mo wò yín nígbà tí ẹ ń wo ìlà téèpù, ojú yín mọ́ ju tèmi lọ. Ẹ kàn ń dì í ni."

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó nà án síwájú bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ kó tó mú àlùmọ́gàjí. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀.

Obìnrin náà gbé ìbọn mẹ́ta wá sórí tábìlì. Kíá ni Bàbá mú èyí tó fúyẹ́ jù. Èjìká rẹ̀ ló ń rò, ó sì dára lójú èmi náà. Obìnrin náà gbà á padà. Ó ní èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́ kọ́ ló fúyẹ́ léjìká. Bí ọta àti ẹ̀tù inú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìbọn tó wúwo díẹ̀ ni yóò gba nínú ìpá náà sára. Èyí tó bá fúyẹ́, ẹni tó dì í mú ni yóò kó gbogbo rẹ̀ fún. Irú ìyẹn dára fún ẹni tó ń gun òkè láti àárọ̀ títí di alẹ́, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni yóò yìnbọn.

Ó mú ìkejì. Ọta rẹ̀ kò ju kóró ọsàn kan lọ. Kò tàpá rárá. Ó ní bó bá jẹ́ ehoro àti ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni, kò sí ohun tó dára tó o. "Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín tí ẹ bá fi èyí yìn, yóò sá lọ kú síbi tí ẹ ò ní rí i."

Bàbá ti ìbọn náà kúrò níwájú rẹ̀. Kò fi ọwọ́ kàn án mọ́.

Ìkẹta ló kù. Kò gùn, kò wúwo jù, igi ni ìdí rẹ̀, rọ́bà sì wà níbi tó ń kan èjìká. Ọta rẹ̀ tínrín, ó gùn, milimítà mẹ́fà ní fífẹ̀, ẹ̀tù rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ tààrà, ó sì tó àgbọ̀nrín láìba ehoro jẹ́ tán. Bí a bá yìn ín tán, a ó fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí òmíràn tó wọlé, nítorí náà kò sí ìkánjú nínú rẹ̀. Bàbá fi ìka kan ohun tí wọ́n ń fà láti yìn ín. Ó fà á láìsí ọta. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bí ìgbà tí òwú já," ó ní.

Ọ̀bẹ wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà pé ṣé wọ́n ń ta fídà rẹ̀ náà, nítorí pé ọmọ ọwọ́ ni.

"Abẹ́rẹ́ kéré," obìnrin náà ní, "adìẹ tó bá gbé e mì ni kí ẹ bi." Kò mọ̀ pé Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe oníbàárà òun. Ọ̀bẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ara Bàbá kò tètè gbàgbé. Obìnrin náà ń da ọta òfìfo mọ́ èyí tó ní ẹ̀tù, kò sì sọ èyí tó ń bọ̀. Ẹnu ìbọn ń já wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dín kù. Ó tó ogún kó tó dúró jẹ́jẹ́. Nígbà náà ni obìnrin náà fún un ní ọta gidi márùn-ún. Mẹ́ta wọ ojú kan náà. Ẹ̀kẹrin sún mọ́ wọn. Ìkarùn-ún jìnnà. Kò wọ inú ife.

Síbẹ̀ ó mú ìbọn náà. Ó fi ti ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin náà kó bá a tọ́jú rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lára kó tó jáde. Ìwé àṣẹ tuntun gba ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wá kù nínú àsìkò ọdẹ.

Lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ dé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó tẹ́ kóòtù náà sórí tábìlì ìgé-aṣọ, ó mú bíléèdì, ó tú èjìká ọ̀tún. Èmi àti Tíṣà jókòó tì í. Ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ aṣọ dúdú láti ara kóòtù tí bàbá tó bí mi fi gbé ìyá mi níyàwó. Ìkejì, aṣọ ṣòkòtò àwọn ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, aṣọ òtútù olówó iyebíye kan tí oníbàárà rẹ̀ kò padà wá gbà. Ó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ, ó ń tò wọ́n sílẹ̀. Ìpele kẹfà jẹ́ aṣọ rírọ̀ kan, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó ti ń já.

Tíṣà gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń wé àbígbẹ̀yìn wọn ni.

"Ibẹ̀ ló wà?" ó ní. "Ọdún wo ni mo ti ń wá a? Mo fẹ̀sùn rẹ̀ kan ìyá yín."

"Òun ló rọ̀ jù nílé," Bàbá ní.

Tíṣà gbé e sí imú. Òórùn ẹ̀tù ló ń rùn. Ó ká a, ó fi í sábẹ́ apá rẹ̀, ó padà sídìí bọ́tìnnì. Mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́.

Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀bẹ fi wọlé. Ohùn rẹ̀ kò ṣáájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nǹkan kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Nígbà tó rí àwọn ìpele tó wà lórí tábìlì, ó yára fi í sẹ́yìn. Bàbá bi í pé kí ló mú wá. Ó ní kò sí. Bàbá na ọwọ́, kò sì fà á padà, títí Ọ̀bẹ fi gbé e fún un. Kóòtù ọdẹ tirẹ̀ ni. Ó ti fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fi nǹkan sí èjìká.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń dùn ọ́?"

Ọ̀bẹ wo Tíṣà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án."

Bàbá ká kóòtù náà, ó dá a padà fún un. Ó ní kí ó wá sí pápá obìnrin náà lọ́la, ìbọn ọmọ ọwọ́ lè gba ènìyàn méjì.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìṣẹ́jú kan tí kò fi kọ́ ara rẹ̀. Ó kan bọ́tìnnì pupa kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń sinmi, ó ń gbé ìbọn òfìfo lé e, ó sì ń fi bọ́tìnnì mìíràn lé orí ẹnu ìbọn. Bó bá fà á, bọ́tìnnì orí ìbọn kò gbọdọ̀ já bọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, bọ́tìnnì fọ́n ká gbogbo ilé. Oníbàárà kan wọlé wá gba ṣòkòtò, ó rí i, ó yí padà, ṣòkòtò náà ṣì wà níbẹ̀ di òní. Tíṣà ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ìbọn kọ òun? Bàbá ṣèlérí pé òun yóò máa ti ilẹ̀kùn. Kò rántí tì í. Ni Tíṣà bá kọ ọ́ sí pátákó, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà, ó gbé e síta: Ìbọn kò ní ọta. Ẹ wọlé. Àwọn ènìyàn ń kà á, wọ́n sì ń dúró síta.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé tó gbẹ̀yìn àsìkò, Tíṣà bá wa lọ sí pápá. Ó fi aṣọ ìnujú wé ife tíì tirẹ̀ sínú báàgì. Bàbá yin ọta márùn-ún. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó ń gbé ojú kúrò, ó ń mí, ó ń dúró. Nígbà tó parí, Tíṣà ló rìn lọ sí ìdí páálí, gbogbo ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ náà, kò yára. Ó gbé ìdí ife lé páálí. Ó wò ó yíká. Ó mú báírò pupa jáde nínú báàgì, ó kọ márùn-ún lórí márùn-ún síbẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Bàbá fi páálí náà ṣe ìtẹ́lẹ̀ àga rẹ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó lé e.

Láàárọ̀ Sátidé, òtútù mú. Kóòtù náà ti tẹ́ ní èjìká méjèèjì, ó sì bá a lára mu. Ọ̀bẹ kò gbé ìbọn. Ó ní ìran lòun wá wò. Èmi ni mo gbé fíláásìkì tíì.

Ehoro méjì la rí, Bàbá kò yìn wọ́n. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, àgbọ̀nrín kan jáde sí etí gbàgede. Kò jìnnà tó ọgọ́rin ìṣísẹ̀. Bàbá kúnlẹ̀, ó fi ìbọn ti ara igi, ó fi í sí èjìká. Ẹ̀ka kan bo igbá àyà ẹran náà. Ó dúró. Mo gbọ́ tí Ọ̀bẹ ń mí bí ewúrẹ́ tó gun òkè. Mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ìbọn ìbá ti dún. Bàbá gbé ìka kúrò. Ẹran náà jẹ ewé, ó gbé orí, ó wo apá ọ̀dọ̀ wa. A kò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ̀ka náà sì kúrò.

Ojú Bàbá ni mò ń wò, kì í ṣe ẹran. Ìbọn dún, kò ju ìgbà tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé lọ. Ojú náà kò dì.

Nígbà tí mo wo iwájú, kò sí ohun tó dúró níbẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tó ń sá. Bàbá fa irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn sẹ́yìn, ó ki ọta mìíràn, ó sì dúró títí tó fi dá a lójú. Lẹ́yìn náà la rìn lọ. Ẹran náà sùn lórí koríko bí ohun tó sinmi, ihò kékeré kan wà lẹ́yìn apá rẹ̀. Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tó fi ń di ọ̀bẹ mú láti kékeré kàn án, ó mi orí. Kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ ọwọ́.

Bàbá wá ojú ẹsẹ̀ ẹran náà nínú iyẹ̀pẹ̀, ibi tó dúró sí nígbà tí ìbọn dún. Ó rí i. Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó kúnlẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ dé ibi tó ṣubú sí.

"Mélòó?" Ọ̀bẹ bi í.

"Íńṣì mẹ́tàlélógún. Kò tó ẹsẹ̀ ṣòkòtò."

Ó dìde. Ó wo apá ibi tí odò wà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu téèpù náà mọ́ etí kóòtù, ó fi í kọ́ ọrùn, ó sì ní kí n gbé tíì wá.